Òfin Owó Oṣù àti Oúnjẹ Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi ní Ẹ̀sítéètì Jakande, Ìlasan

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òwe yìí kan olùkọ́ tí ń tọ́jú ọmọ ọdún mẹ́ta gidigidi.

Láàárín 1979 sí 1983, ìjọba Alhaji Lateef Jakande sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì kọ́ ilé fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Ẹ̀sítéètì Ìlasan wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 ti fi jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ fún àwọn aládàáni ní pàtàkì. Òfin 1981, tí ó fi ₦125 ṣe owó oṣù tí ó kéré jù lọ, kò sì de ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 50. Òfin 2019 sọ iye náà di 25. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré láàárín ilé gbígbé bọ́ sínú àyọsílẹ̀ yìí. Nígbà tí owó náà di ₦70,000 ní 2024, kò di dandan fún irú wọn.

Ọjà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ní Oṣù Kẹfà 2024, iye owó oúnjẹ fi ohun tí ó lé ní ìdá 40 nínú 100 ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó a fi gàrí rọ́pò ìrẹsì, a yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, a pa oúnjẹ àárọ̀ pọ̀ mọ́ ti ọ̀sán. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2016 sì wà fún akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, kì í ṣe fún olùkọ́.

Nítorí náà, irú ìjẹun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣà, kì í sì í ṣe àìmọ̀kan. Àyọsílẹ̀ inú òfin wà lára ohun tí ó bí i.