Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti Aláwàdà: Ẹ̀rín Nínú Ìtàn Ọ̀daràn Yorùbá, 1969 sí 2014

Ìfáárà

Ní ọdún 1976, fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan tí ó ń jẹ́ Murder by Death jáde ní Amẹ́ríkà. Neil Simon ni ó kọ ọ́. Nínú rẹ̀, ọlọ́rọ̀ kan pe àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ márùn-ún tí òkìkí wọn kàn wá jẹun alẹ́ nílé rẹ̀, ó sì pè wọ́n níjà láti wá ojútùú sí ìpànìyàn kan tí yóò wáyé lóru ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Agatha Christie tàbí ti Dashiell Hammett yóò dá àwọn àlejò náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ńṣe ni a sín àwọn ẹ̀dá-ìtàn àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí jẹ. Ọdún yìí kan náà ni ìwé Kọ́lá Akínlàdé, Owó Ẹ̀jẹ̀, jáde ní ilẹ̀ Yorùbá, tí Akin Olúṣínà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì fi làákàyè tú àṣírí ọ̀daràn níbẹ̀. Bí àwọn kan ti ń fi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀ lélẹ̀.

Yorùbá kò ṣe aláìní aláwàdà nígbà náà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ìtàn ni pé, kí ni ó fà á tí ẹ̀rín wọn fi gba ibòmíràn lọ?

Ohun tí àsínjẹ ń bèèrè

A kì í sín ẹni tí a kò mọ̀ jẹ. Òǹwòran gbọ́dọ̀ ti mọ ìrìn, ìmúra àti ọ̀rọ̀ ẹnu onítọ̀hún tẹ́lẹ̀ kí ó tó lè rẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ aláwọ̀ funfun, ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Edgar Allan Poe gbé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀ jáde ní 1841. Sherlock Holmes ti Arthur Conan Doyle dé ní 1887. Ìwé àkọ́kọ́ nínú ìtàn ọ̀daràn Agatha Christie jáde ní 1920. Nígbà tí Buster Keaton fi máa ṣe fíìmù Sherlock Jr. ní 1924, kò sí ohun tí òǹwòran kò mọ̀ nípa iṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ ilé sinimá kan ni Keaton ṣe níbẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn olè aago kàn án; ó sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì lálàá pé òun ti di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ńlá. Ibi tí ẹ̀rín wà ni pé, kí ó tó jí, ọmọbìnrin tí ó ń fẹ́ ti fúnra rẹ̀ lọ wádìí ẹni tí ó jí aago gan-an.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nìkan kò tó. Ìgbẹ́kẹ̀lé náà ní láti wà. Àwọn ìwé wọ̀nyẹn ti fi kọ́ òǹkàwé pé kò sí bí aṣebi ṣe lè gbọ́n tó, ojú ewé ìparí ni yóò ti bọ́ sọ́wọ́. Abájọ tí ọlọ́rọ̀ inú Murder by Death fi kọjú sí àwọn àlejò rẹ̀ níkẹyìn, tí ó fẹ̀sùn kàn wọ́n pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tan òǹkàwé jẹ, tí wọ́n ń fi ẹ̀rí pamọ́ títí ìtàn yóò fi parí. Ìbínú ẹni tí ó ti gbẹ́kẹ̀ lé ènìyàn ni ìbínú rẹ̀.

Lápàdé àti Olúṣínà

Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn sì tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé ni akọni ìwé méjèèjì. Ó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́nu iṣẹ́ náà mọ́. Òun àti Tàfá Ìgírípá ni wọ́n jọ ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀daràn. Ọ̀nà àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì yàtọ̀ síra. Làákàyè àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni Olúṣínà ti Akínlàdé fi ń ṣiṣẹ́, bí ti Holmes. Lápàdé ní tirẹ̀ ń jà, ó ń sá, ó ń fara gbọgbẹ́, ó sì ń dápàárá bí ó ti ń lọ.

Àsìkò tí àwọn ìwé yìí jáde kò rọgbọ. Bí ogun abẹ́lé ti ń parí ní 1970 ni ìdigunjalè gbilẹ̀. Ìjọba ológun ṣe òfin ikú fún adigunjalè ní ọdún náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì ní gbangba ní etíkun Bar Beach ní Èkó. Ẹni tí ó ń ka Òkédìjí nígbà náà kò ka ọ̀rọ̀ olè sí eré ìdárayá. Kò sì yani lẹ́nu pé ẹni tí ó ti kúrò nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá ni òǹkọ̀wé fi ṣe akọni. Ẹ̀rín wà nínú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ó wà nínú òwe, nínú ẹ̀dà ọ̀rọ̀, àti nínú àwàdà láàrin Lápàdé àti Tàfá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí ó ń gbé akọni ró ni, kì í ṣe èyí tí ó ń bì í ṣubú.

Bàbá Sàlá

Ní àwọn ọdún yìí kan náà, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ti fi ẹgbẹ́ Aláwàdà gba ìgboro. Olórin háíláìfù ni tẹ́lẹ̀. Sunny Adé pàápàá ti ṣeré nínú ẹgbẹ́ orin rẹ̀ rí. Awò ojú rẹ̀ gbòòrò kọjá ààlà, táì rẹ̀ kò bá ara mu. Ọ̀làjú àti gbajúmọ̀ ni ó ń sín jẹ, nítorí pé àwọn ni òǹwòran rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò sí ládùúgbò wọn.

Agbègbè Àkókó jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ ká wò. Láti Ìkàrẹ́ sí Ugbe, láti Arigidi sí Ọ̀kà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀, àwọn mìíràn sì ní èdè tí kì í ṣe Yorùbá rárá. Kí ènìyàn tó lè gbádùn ẹ̀dà ọ̀rọ̀ Òkédìjí, ó gbọ́dọ̀ ti jókòó ní kíláàsì, kí ó sì gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò dáadáa. Awò ojú Bàbá Sàlá kò bèèrè èyíkéyìí nínú méjèèjì. Báyìí ni ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi di ti akẹ́kọ̀ọ́, tí àwàdà sì di ti gbogbo ọjà. Ìmọ̀ tí àsínjẹ ń bèèrè kò tí ì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ọdún 1982 ni Bàbá Sàlá gbé fíìmù Ọ̀run Mooru jáde, tí Ọlá Balógun darí. Ọkùnrin kan tí àwọn oníjìbìtì sọ di òtòṣì ni ó ṣe nínú rẹ̀. Ayé sú u dé ibi pé ó fẹ́ gba ọ̀run lọ. Fíìmù náà pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀ sínú fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Gbèsè ni ó kù fún ẹni tí ó ṣe é. Ohun tí ó fi ṣe àwàdà wá ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tí ó wà nílẹ̀ láti 1970 kò gbà á sílẹ̀. Ọdún 1988 ni òfin tuntun tó jáde. Ó tún ṣe fíìmù lẹ́yìn náà, Ààrẹ Àgbáyé ní 1983 sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n owó tí ó bá Ọ̀run Mooru lọ kò padà. Ó fi ayé sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ọdún 2018.

Ìkádìí

Nígbà tí Kúnlé Afọláyan ṣe October 1 ní 2014, tí wọ́n ya apá kan rẹ̀ ní Ìlárámọ̀kín ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ó fi ṣe akọni. Danladi Waziri mọ ẹni tí ó ń pa àwọn ọmọbìnrin ìlú Àkọ̀tẹ́ ní 1960, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá rẹ̀ aláwọ̀ funfun kò fẹ́ kí òtítọ́ náà jáde nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀. Ojútùú wà, ìkéde kò sí.

Okùn kan náà ni ó so Lápàdé, Bàbá Sàlá àti Waziri pọ̀. Ẹni tí ó dá lójú pé olè yóò bọ́ sọ́wọ́ ni ó lè fi ẹni tí ń mú olè ṣe yẹ̀yẹ́ láìsí ìpayà. Níbi tí ìdánilójú yẹn kò tí ì sí, ẹ̀rín a máa wá ibòmíràn jókòó: lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jà lólè, tí ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín kí ó má baà sunkún. Kò sí àìtó kankan nínú àwàdà Yorùbá. Ohun tí ojú rí ni ẹnu rẹ̀ ń sọ, ìwé àti fíìmù wọ̀nyí sì jẹ́ ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìran kan ṣe gbé ọ̀rọ̀ ìdájọ́ sọ́kàn.