Kọ́lónì àti Ilẹ̀ Ààbò

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kan wà tí àwọn bàbá wa máa ń gbọ́ pọ̀, tí púpọ̀ nínú wọn sì rò pé ọ̀kan náà ni: 'colony' àti 'protectorate'. Kọ́lónì ni ilẹ̀ tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà pátápátá, tí ó pè ní tirẹ̀. 'Protectorate' ni ilẹ̀ ààbò, èyí tí ó ní òun kàn ń ṣọ́ fún àwọn tí ó ni ín.

Èkó ni kọ́lónì. Ní ọjọ́ 6 oṣù August, 1861, tòun ti ọkọ̀ ogun lórí ọ̀sà, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé pé òun fi Èkó lé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ìbàdàn kò fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àdéhùn ni ó bá wọn ṣe ní 1893.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé ará Ìbàdàn kan bí ọmọ méjì, ẹ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, àbúrò ní Èkó. Lójú òfin, àbúrò di ọmọ-abẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ẹni tí wọ́n ń dáàbò bò lásán. Nígbà tí ìdìbò kọ́kọ́ dé ní 1923, Èkó yan aṣojú 3 sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin tí owó rẹ̀ tó £100 lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò. Ìbàdàn, pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, kò yan ẹnì kan. (Kàlàbá nìkan ni wọ́n ṣàánú fún nínú àwọn ìlú ilẹ̀ ààbò: ó yan 1.) Bí ẹjọ́ bá sì gbé ẹ̀gbọ́n dé Provincial Court tí Lugard dá sílẹ̀ ní 1914, lọ́yà kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó di 1933 kí wọ́n tó pa kóòtù náà rẹ́.

Ẹ ó ní ará Èkó ló jẹ̀fà. Ẹ dúró ná! Nígbà tí Ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ilé ẹjọ́ níhìn-ín ní ìṣàkóso lásán ni Olóyè ní lórí rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Owó ìṣàkóso nìkan ni kí wọ́n san. Olúwa gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, Privy Council dá a láre: àṣẹ ìlú ni Dòsùnmú fi sílẹ̀, kò fi ilẹ̀ onílẹ̀ tọrẹ. Owó ilẹ̀ náà pé pérépéré ni kí wọ́n san.

Ní ọjọ́ 1 oṣù October, 1960, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yẹn bá ṣì wà láyé, àwọn méjèèjì di ọmọ Nàìjíríà lọ́jọ́ kan náà.