Ìwé Ẹrù Òkú ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí ìwé kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ máa ń kọ nígbà tí ọlọ́rọ̀ bá kú.

Ní Virginia, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀, bí baálé ilé bá kú, ilé-ẹjọ́ yóò yan mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwọn aládùúgbò rẹ̀. Wọn yóò búra, wọn yóò wọ ilé òkú, wọn yóò máa lọ láti yàrá dé yàrá, láti ilé ìdáná dé ilé ẹran. Ohun gbogbo tí ojú wọn bá rí ni wọn yóò kọ sílẹ̀, pẹ̀lú iye tí ó tó ní pọ́n-ùn àti ṣílè. Ìdí rẹ̀ ni pé kí àwọn tí òkú jẹ ní gbèsè lè rí owó wọn gbà, kí ẹnikẹ́ni má sì rẹ́ àwọn ajogún jẹ.

Kí ni wọ́n ń kọ? Ìkòkò irin, àga, ìwé, ọkọ́, àáké, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, àgbàdo inú àká. Ibùsùn tí a fi ìyẹ́ ẹyẹ kún inú rẹ̀ níyì púpọ̀. Ó sábà máa ń wà lára ohun tí ó wọ́n jù nínú ilé. Nínú ìwé kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù àti ẹṣin, ni wọ́n ń kọ orúkọ èèyàn sí: ọkùnrin, obìnrin, ọmọ ọwọ́, olúkúlùkù pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Ẹrú ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á mú ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1757, ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Daniel Parke Custis kú ní Virginia láì ṣe ìwé ìhágún. Ẹrú tí ó fi sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300. Òfin ní kí Martha, opó rẹ̀, máa lo ìdá kan nínú mẹ́ta wọn títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tà wọ́n, kò sì lè dá wọn sílẹ̀. Bí ó bá kú, ọ̀dọ̀ àwọn ajogún Custis ni wọn yóò padà sí. Ní 1759, Martha fẹ́ George Washington, ẹni tí ó di Ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1789. Ó kó lára àwọn ẹrú náà lọ sí ilé ọkọ ní Mount Vernon.

Òfin mìíràn tún wà láti 1662 pé ipò ìyá ni ọmọ yóò bá lọ. Nítorí náà, bí obìnrin kan bá jẹ́ ti ogún Custis, ti ogún Custis ni gbogbo ọmọ rẹ̀, ẹni yòówù tí ìbáà jẹ́ baba wọn. Nígbà tí Washington ka àwọn ẹrú oko rẹ̀ ní 1799, wọ́n jẹ́ 317. Nínú wọn, 123 jẹ́ tirẹ̀, 153 jẹ́ ti ogún Custis, ìyókù sì jẹ́ ti àwọn ẹlòmíràn tí ó háyà. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń gbé pọ̀, wọ́n sì ti ń fẹ́ ara wọn.

Ní July ọdún náà, Washington ṣe ìwé ìhágún pé bí Martha bá kú, kí àwọn ẹrú òun di òmìnira. Òun fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé náà pé òun kò ní agbára lórí àwọn ti Custis, àti pé ìgbéyàwó ti so àwọn méjèèjì pọ̀. Ó kú ní December 14, 1799. Martha kò dúró di ọjọ́ ikú tirẹ̀. Ó dá àwọn ẹrú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní January 1, 1801.

Ẹ wo Frank Lee, ẹni tí ń bójú tó tábìlì oúnjẹ nínú ilé ńlá náà. Ẹrú Washington ni, ó sì gba òmìnira. Lucy ìyàwó rẹ̀ ni alásè, ẹrú ogún Custis sì ni. Ọkọ di òmìnira, ṣùgbọ́n ìyàwó àti àwọn ọmọ kò kúrò lóko ẹrú. Nígbà tí Martha kú ní 1802, wọ́n pín àwọn ẹrú Custis fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́rin, bí ẹni ń pín abọ́ àti ṣíbí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó fọ́nká lọ́jọ́ náà, nítorí ìwé tí a kọ nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì dáyé.

Òwò ẹrú àti oko ẹrú ti dópin ní Amẹ́ríkà láti 1865. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ń ka èèyàn ṣáájú 1870, wọn kì í sábà kọ orúkọ ẹrú. Ọjọ́ orí, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti àwọ̀ ara ni wọ́n sábà ń kọ. Nítorí náà, títí di òní, àwọn ọmọ-ọmọ wọn tí ń wá orírun wọn a máa lọ sí ilé-ẹjọ́, wọn a ṣí ìwé ẹrù òkú, wọn a máa ka ìkòkò, àga àti màlúù kọjá, títí wọn yóò fi kan orúkọ ìyá ńlá wọn. Àwọn tí ó kọ ọ́ ń ṣírò owó ni. Àwọn tí ń kà á lónìí ń wá ẹbí wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ìwé àtijọ́ kan bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ máa wo ohun tí wọ́n kà, kí ẹ sì máa bèèrè ẹni tí wọ́n kà mọ́ ọn.