Eépín, Ewé Tó Ń Dán Ère Kétu

Agbẹ́gilére tó bá ti gbé àáké ọwọ́ àti ọ̀bẹ sílẹ̀, iṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó, ojú ọ̀bẹ ṣì wà lára igi. Ìgbà náà ni yóò mú ewé eépín, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìpín, tí yóò máa fi í ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère, imú rẹ̀ àti ìpéǹpéjú rẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà tó kàn án. Ẹni tó bá rí ère tí wọ́n fi ń jó Gẹ̀lẹ̀dé lójú agbo, ọ̀dà ló ń rí. Ewé ló mú kí ọ̀dà náà jókòó dáadáa.

Mọ̀lẹ́bí ọ̀pọ̀tọ́ ni eépín, ìdílé kan náà ni òun àti ọ̀dán tí a ń gbìn síwájú ààfin àti sínú ọjà. Martin Vahl, ọmọ ilẹ̀ Norway tó ṣiṣẹ́ ní Copenhagen, ló fún un ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pè é, Ficus exasperata, nínú ìwé tó jáde ní 1805. Igi náà lè ga tó mítà 20. Ilẹ̀ tí wọ́n ti dáko sí rí ló fẹ́ràn, àti etí igbó, àti etí odò. Láti Senegal dé Ethiopia ló wà, ó gba ìsàlẹ̀ lọ dé Angola àti Mozambique, ó sì tún wà ní Yemen, ní India àti ní Sri Lanka.

Já ewé rẹ̀ kan kí o fi ìka rà á. Ńṣe ni yóò máa ha ọ́ lọ́wọ́ bí ahọ́n ológbò. Irun kéékèèké ló kún ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, èròjà silica, tí iyanrìn náà ní, ló sì mú irun wọ̀nyí le. Nítorí èyí, ewé náà kì í gé igi, ó ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń tẹ̀ wọ inú kọ̀rọ̀ etí ère àti ìlà ojú rẹ̀, níbi tí sáńpépà kò ti ní rọ́nà gbà. Àwọn ìyá wa fi fọ ìkòkò àti àwo onígi, àwọn tó ń fín igbá náà sì fi ń dán igbá. Lónìí, ní Jikpan tí mò ń gbé ní Minna, kànrìnkànrìn onírin ni ìyàwó ilé ń rà, sáńpépà sì ni gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan ilẹ̀kùn ń rà. Ilẹ̀kùn kò ní kọ̀rọ̀ etí, n kò bá a wí.

Òdòdó eépín kì í hàn síta, inú èso ló ti ń tàn. Igi tó jẹ́ akọ wà, èyí tó jẹ́ abo wà. Kòkòrò kan tó jọ agbọ́n, tó kéré gan-an, ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó láti inú èso akọ lọ sínú èso abo; bí kò bá sí i, èso abo kò ní ní hóró tó lè hù. Èso tó bá pọ́n, ẹyẹ àti àdán á jẹ ẹ́, wọ́n á sì lọ su hóró rẹ̀ sí oko ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní Benin lónìí, ni mo fẹ́ kí a dé. Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé Gẹ̀lẹ̀dé ti ṣẹ̀, eré tí a fi ń bọlá fún àwọn ìyá wa, tí Ẹ̀fẹ̀, akọrin rẹ̀, ń kọrin lóru kí agbo ijó tó kún lọ́sàn-án. Ní 1886, ìjọba Dahomey kó ìlú náà, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn ará rẹ̀ lẹ́rú. Ìlú ṣì wà ní ahoro nígbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní Paris ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, 1889, tí wọ́n fi ìwé pín ilẹ̀. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó wà lábẹ́ Alákétu, ọba Kétu, tẹ́lẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Abomey, olú ìlú Dahomey, ní 1892 ni àwọn ọmọ Kétu tó kù tó rí ọ̀nà padà wá tún ilé wọn kọ́, wọ́n sì bá ààlà nílẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ fúnra rẹ̀, kọ ìwé kan tó jáde ní 1976 lórí ohun tí ààlà yìí fi ojú àwọn ènìyàn rí. Iṣẹ́ ipá, owó orí àti fífi agbára múni wọ iṣẹ́ ológun lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò lọ́dọ̀ Faransé wá sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó sá bẹ́ẹ̀ kò lè ru ilé rẹ̀ lórí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá a rìn, ó sì bá eépín nínú igbó tó sá wọ̀, gẹ́gẹ́ bó ti wà nínú igbó tó fi sílẹ̀. Agbẹ́gilére tó ní láti ra irin tuntun kò ní láti ra ewé.

Ní nǹkan bí 1950, William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, bá agbẹ́gilére kan ní Ìmẹ̀kọ tí ń jẹ́ Duga jókòó, ó sì kọ bó ti ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀; àkọsílẹ̀ náà jáde ní 1973. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn nítorí pé ó dárúkọ ẹni tó gbẹ́ ère. Ọ̀pọ̀ ère Gẹ̀lẹ̀dé tó wà ní òkè òkun ni kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí Faransé gbé lọ, Dahomey ni wọ́n kọ sí i, ó sì wá di Benin lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè náà pa orúkọ dà ní 1975. Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ, Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ọmọ ìyá méjì ló gbẹ́ wọn.

Ẹni tó sá kọjá ààlà bá eépín níwájú, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú ṣáájú láti ìhà Kétu lọ sí Bahia ní Brazil kò bá ìrókò, igi òrìṣà, níbẹ̀. Igi kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ọ̀pọ̀tọ́, gameleira, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Títí dòní, wọ́n ń so aṣọ funfun mọ́ ọn nínú àwọn ilé òrìṣà Salvador tó ń pe ara wọn ní Kétu.

UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dé ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ó sì wọ inú àkójọ wọn ní 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo pọ̀. Ìyẹn dára. Ohun tó kù ni kí àwọn tó ń tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Porto-Novo, ní Èkó, ní London àti ní Paris kọ Kétu sábẹ́ ère tó bá ti Kétu wá, níhà ààlà yòówù kí wọ́n ti gbé e. Ẹ̀yin àgbà agbẹ́gilére tó sì ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ewé eépín lé wọn lọ́wọ́ kí ẹ tó fi sáńpépà lé wọn lọ́wọ́.