Ọkùnrin Tó Fi Ọdún 54 Sá Eré Ìje Kan

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ìlú bá dáwó jọ fún ọmọ kan pé kó lọ sí òkè òkun lọ gboyè wá, tí wọ́n fi ìlù àti ijó sìn ín dé ìdí ọkọ̀, tí ọmọ náà wá dé ọ̀hún tó fìdí rẹmi, ojú wo ni yóò fi wọ̀lú padà? Àwọn bàbá wa mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. A gbọ́ nípa àwọn kan tí kò wálé mọ́ rárá, tó jẹ́ pé ìtìjú ló so wọ́n mọ́ ìlú òyìnbó títí ogbó fi bá wọn níbẹ̀.

Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ló wà lórí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jàpáànì kan ní ọdún 1912. Kì í ṣe ìwé ló bá lọ ní tirẹ̀, eré sísá ni. Orúkọ rẹ̀ ni Shizo Kanakuri.

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, ọdún 1891, ni wọ́n bí i ní agbègbè Kumamoto. Nígbà tó dàgbà, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà ní Tokyo. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ni Jigoro Kano, ẹni tó dá eré júdò sílẹ̀. Òun kan náà ni ará Éṣíà àkọ́kọ́ tó wọ ìgbìmọ̀ tó ń darí ìdíje Òlíḿpíìkì àgbáyé. Jàpáànì kò tíì bá wọn lọ síbẹ̀ rí, ó sì wu ọ̀gá Kano kí wọ́n lọ. Ni wọ́n bá ṣe eré àyẹ̀wò ní Haneda, lẹ́bàá Tokyo, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1911. Máìlì 25 ni wọ́n sá. Kanakuri ló ṣíwájú gbogbo wọn, ó sì lo wákàtí 2, ìṣẹ́jú 32 àti ìṣẹ́jú-àáyá 45. Àwọn kan ti ṣiyèméjì pé bóyá ọ̀nà náà kò gùn tó bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n lójú àwọn ará ilé, ọ̀rọ̀ ti parí: ẹni tí yóò borí gbogbo ayé ti dé.

Ènìyàn méjì péré ni Jàpáànì rán lọ sí Stockholm, ní orílẹ̀-èdè Swídìn: Kanakuri, àti Yahiko Mishima tó ń sá eré kúkúrú. Owó ọkọ̀ kì í ṣe kékeré, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ Kanakuri ló sì dáwó fún un. Ẹ rántí ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi yín. Owó ẹlẹ́gbẹ́ ẹni wúwo nínú àpò ju owó bàbá ẹni lọ.

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi dé Vladivostok ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, wọ́n wá bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin tó la Siberia kọjá. Ìrìn-àjò náà lé ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, oúnjẹ ibẹ̀ ṣàjèjì sí wọn. Ilẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣú ní Swídìn ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, oorun kò kun Kanakuri bó ṣe yẹ. Hyozo Omori tó yẹ kó máa tọ́jú wọn, ikọ́ ife ń bá òun fúnra rẹ̀ jà. Bàtà tí Kanakuri fẹ́ fi sáré, tábì ni, ìyẹn bàtà aláṣọ ilẹ̀ wọn tó ya àtàǹpàkò sọ́tọ̀. Ọ̀nà Stockholm sì le bí òkúta.

Ọjọ́ 14 oṣù Keje, ọdún 1912, ni eré náà bọ́ sí, ní ọ̀sán gangan. Swídìn tí a mọ̀ sí ilẹ̀ òtútù, oòrùn bọ́ síta lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ooru lé ní ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ará Èkó kan lè rẹ́rìn-ín pé kí ni ìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi, ooru ẹni tó jókòó sábẹ́ igi àti ooru ẹni tó ń sá máìlì 25 kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ènìyàn bá ń sáré, inú iṣan rẹ̀ gan-an ni iná ti ń jó. Òógùn ni ara fi ń tu ara rẹ̀ lójú: bí òógùn ṣe ń gbẹ lára awọ ni ooru ń bá a lọ. Bí omi ara bá wá tán, tàbí tí nǹkan bá dí òógùn lọ́nà, ooru a há sínú, orí a máa fò lọ, ẹsẹ̀ kò ní gbọ́ràn mọ́. Nígbà yẹn sì rèé, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré gbà pé ọ̀lẹ ló ń mu omi lójú ọ̀nà.

Mo mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, wọ́n ní ká sá máìlì mẹ́ta nínú oṣù Kejì, oòrùn kanrí. Mo fi ìbínú bẹ̀rẹ̀. Kí n tó sá ìdajì, òyì ti kọ́ mi. Mo yà bàrá sínú oko ẹ̀gẹ́ kan, mo lúgọ síbẹ̀ títí gbogbo wọn fi kọjá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn jáwọ́ nínú eré sísá ni.

Ẹni 68 ló bẹ̀rẹ̀ eré Stockholm. Bí ìdajì wọn ló parí rẹ̀. Ken McArthur, ọlọ́pàá tó ṣojú Gúúsù Áfíríkà, ló gba ipò kìíní, ó lo wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 36 ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Pọtogí kan, Francisco Lázaro, ṣubú lójú ọ̀nà lẹ́yìn bíi kìlómítà 30, kò sì dìde mọ́. Ọjọ́ kejì ló kú, ní ẹni ọdún 21. Ìròyìn tó wà nílẹ̀ ni pé ó fi ọ̀rá pa ara kí oòrùn má baà jó o, àṣé ọ̀nà òógùn ló fi dí. Òun ni eléré àkọ́kọ́ tó kú nídìí ìdíje Òlíḿpíìkì òde òní.

Kanakuri ńkọ́? Nígbà tó dé Sollentuna, ní nǹkan bíi kìlómítà 27, òyì kọ́ òun náà. Ó tagọ̀ọ́gọ̀ọ́ wọ inú ọgbà ilé ẹbí kan. Àwọn onílé ṣàánú àlejò, wọ́n fún un ní omi èso mu, wọ́n jẹ́ kó sinmi. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, eré ti parí. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Stockholm wọ́ọ́rọ́wọ́, kò fi tó àwọn aláṣẹ eré létí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ìtàn lẹ́nu àwọn ará Swídìn: ará Jàpáànì tó sọnù.

Kò sọnù o. Ó padà sílé. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ìwé tó ń kọ ìrántí sí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìtìjú ńlá ni ó ṣẹlẹ̀ sí òun, òun yóò sì sa gbogbo ipá láti nù ún nù.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni ogún ọdún ni Kanakuri nígbà náà, àmọ́ ẹ̀yìn ló wò. Kò sọ pé àwọn ará ilé ló ń ṣe òun. Ó bi ara rẹ̀ pé: kí ló gbé mi ṣubú? Ooru ni? Ó lọ sí etí òkun nígbà ooru, ó ń sáré lórí iyanrìn láìdé fìlà, kí oòrùn lè di ojúlùmọ̀ rẹ̀. Bàtà ni? Òun àti aránbàtà kan ní Tokyo jọ tún tábì náà ṣe títí tó fi ní àtẹ́lẹsẹ̀ rọ́bà.

Ẹ má rò pé ayé wá rọ̀ fún un. Ìdíje ọdún 1916 ni ì bá fi gbẹ̀san, agbára rẹ̀ ṣì pé. Ogun àgbáyé fagi lé e. Ní ọdún 1920 ní Antwerp, ipò kẹrìndínlógún ló ṣe. Ní Paris ní 1924, kò parí eré. Ìgbà mẹ́ta ló lọ, kò gba àmì ẹ̀yẹ kankan bọ̀.

Àmọ́ ọdún 1920 yẹn kan náà ni òun àti àwọn mìíràn dá eré Hakone Ekiden sílẹ̀. Ó ti rí i pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Òun nìkan ló sá eré ọlọ́nà jíjìn fún ilẹ̀ wọn ní Stockholm, òun nìkan ló ṣubú. Bí ilẹ̀ wọn yóò bá rí eléré ọlọ́nà jíjìn, ó gbọ́dọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ni wọ́n bá ní kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọ̀ọ̀kan mú ènìyàn mẹ́wàá wá, kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn láti Tokyo dé Hakone, kí wọ́n tún sá a padà. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lónìí, ní ọjọ́ 2 àti 3 oṣù Kìíní, ọ̀kẹ́ àìmọye ará Jàpáànì ló máa ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láti wò ó.

Ní ọdún 1967, àwọn ará Swídìn rántí àlejò wọn. Wọ́n kọ̀wé pè é pé kó wá parí eré rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, bàbá ẹni ọdún 75 wọ pápá Stockholm, ó rọra sáré dé òpin, ó fi àyà já okùn. Ni wọ́n bá kéde àkókò rẹ̀: ọdún 54, oṣù 8, ọjọ́ 6, wákàtí 5, ìṣẹ́jú 32 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20 ó lé díẹ̀. Bàbá fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn pé ọ̀nà náà jìn, pé lójú ọ̀nà ni òun ti gbéyàwó, tí òun bí ọmọ mẹ́fà, tí òun sì rí ọmọ-ọmọ mẹ́wàá. Ọdún 1983 ló papò dà, ní ẹni ọdún 92.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi òótọ́ inú sọ ọ́: kì í ṣe okùn tó já ní 1967 ló nu ìtìjú rẹ̀ nù. Ìtìjú náà ti kúrò tipẹ́, láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí sáré lórí iyanrìn gbígbóná. Èmi àti Kanakuri, òyì kan náà ló kọ́ wa. Òun wọ ọgbà, èmi wọ oko ẹ̀gẹ́. Òun jáde, ó lọ wádìí ohun tó gbé e ṣubú. Èmi, bóyá mo ṣì wà nínú oko ẹ̀gẹ́ yẹn.