Ìtàn Òfin Ìdàgbàsókè Àwọn Ẹ̀dá Abàmì Nínú Eré Orí Tábìlì, 1974 sí 2023

Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí kan ṣoṣo ni, ilé-iṣẹ́ Gygax tó wà ní ìlú Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ló sì tẹ̀ ẹ́. Kado, tó wà ní Àbújá lónìí, ṣì jẹ́ abúlé àwọn Gbagyi nígbà náà. Oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba ológun tó ṣe òfin tó dá Agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn èyí ni Kado di àdúgbò láàárín Jabi, Life Camp àti Gwarinpa. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé eré àtayébáyé ni à ń sọ o. Òun àti Àbújá, ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe eré náà rèé. Àwọn òṣèré á jókòó yí tábìlì ká, oníkálùkù á sì ní akọni tirẹ̀: jagunjagun, oṣó, olè tàbí àlùfáà. Ẹnì kan á jẹ́ olùdarí eré. Òun ni yóò máa ròyìn ayé tí àwọn akọni wà, òun náà ni yóò máa darí gbogbo ẹ̀dá abàmì tó bá pàdé wọn lọ́nà. Dáìsì ló ń sọ bóyá idà bá ara tàbí ó tàsé. Akọni tó bá ṣẹ́gun á gba máàkì ìrírí, ipele rẹ̀ á sì máa gòkè.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí akọni bá ń lágbára sí i tí ẹ̀dá abàmì wà lójú kan, eré á di yẹ̀yẹ́. Àwọn tí iwin kékeré kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ní ìbẹ̀rẹ̀ á dẹni tó ń pa ogún irú rẹ̀ bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. Kí ni olùdarí yóò ṣe? Àfi kó wá ọ̀nà tí ẹ̀dá abàmì náà yóò fi dàgbà.

Nínú ìwé 1974, dírágónì nìkan ni wọ́n ṣe òfin ìdàgbà fún. Gbogbo ẹ̀dá inú eré náà ló ní dáìsì ẹ̀mí, ìyẹn iye dáìsì tí wọ́n á dà láti mọ bí ẹ̀dá náà yóò ṣe pẹ́ tó kó tó kú. Fún dírágónì, ọjọ́ orí ló ń sọ iye tí dáìsì kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ìpele ọjọ́ orí mẹ́fà ló wà: máàkì 1 ni dáìsì kọ̀ọ̀kan fún èyí tó kéré jù, ó sì jẹ́ 6 fún arúgbó inú wọn. Nígbà tí Gygax kọ Monster Manual ní 1977, ó sọ ìpele náà di mẹ́jọ. Dírágónì ògbólógbòó tó ní dáìsì 10 wá ní máàkì 80. Ọmọ ìkókó inú ẹ̀yà rẹ̀ tó ní dáìsì 10 kan náà kò ní ju 10 lọ. Ìwé àtúnṣe ti 1989 mú ìpele ọjọ́ orí dé méjìlá. Ní ti àwọn ẹ̀dá yòókù, wọ́n fi sílẹ̀ fún làákàyè olùdarí. Ó dẹrùn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló ń rí pupa ojú rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó sọ fún un pé èyí tó ṣe ti pọ̀ jù, àfi ìgbà tí gbogbo akọni bá kú tán.

Ní 1997, ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast ra ilé-iṣẹ́ tó ni eré náà. Ní ọdún 2000 ni Jonathan Tweet, Monte Cook àti Skip Williams gbé ẹ̀dà kẹta jáde, ilé-iṣẹ́ náà sì tún un ṣe ní 2003. Ẹ̀dà yìí ló sọ ìdàgbàsókè ẹ̀dá abàmì di ìṣirò tó ní ìlànà. Ìlà kan wà lábẹ́ orúkọ ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ibi tí ìdàgbà rẹ̀ lè dé.

Ẹ jẹ́ ká fi erin wò ó, nítorí òun náà wà nínú ìwé 2003. Dáìsì ẹ̀mí 11 ló ní, olójú mẹ́jọ mẹ́jọ. Máàkì ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 104, ìwọ̀n ewu rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ó ṣe le tó fún àwọn akọni, sì jẹ́ 7. Ìwé sọ pé ó lè dàgbà láti dáìsì 12 dé 22 láìtóbi ju bó ṣe wà lọ. Ká ní olùdarí fẹ́ àjànàkú tó ní dáìsì 20, ó ti fi 9 kún un nìyẹn. Gbogbo ohun tó so mọ́ dáìsì ló gbọ́dọ̀ tún ṣírò. Máàkì ẹ̀mí á di 190. Ìpìlẹ̀ agbára ìkọlù á kúrò ní 8, á di 15. Erin náà á gba ọgbọ́n ìjà mẹ́ta sí i, olùdarí á sì fi máàkì mẹ́ta kún agbára, ìlera tàbí ohun mìíràn tó bá wù ú lára rẹ̀. Fún ẹranko lásán, dáìsì mẹ́ta-mẹ́ta ló ń fi 1 kún ìwọ̀n ewu, nítorí náà 7 di 10. Bí ẹ̀dá bá tún gba dáìsì dé ibi tí ara rẹ̀ ti tóbi sí i, bí èyí tó tó ènìyàn bá di ńlá, agbára rẹ̀ á fi 8 lé sí i, ìlera 4, yíyára rẹ̀ á sì fi 2 dín. Èmi gbà pé òfin tó mọ́lẹ̀ jù lọ nínú gbogbo ìtàn eré yìí ni. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ odindi lè bá ìṣirò ẹ̀dá kan ṣoṣo lọ, kí àwọn akọni sì pa á láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọ̀nà kejì wà fún àwọn tó ní làákàyè bí ènìyàn, irú bí ogre: wọ́n á kọ́ iṣẹ́ bí akọni ṣe ń kọ́ ọ. Ogre tó bá kọ́ iṣẹ́ ìjà tó bá ara rẹ̀ mu ń fi 1 kún ìwọ̀n ewu rẹ̀ ní ipele kọ̀ọ̀kan. Ní 2002, Epic Level Handbook gbé ìṣirò náà kọjá ipele 20, Savage Species ti 2003 sì jẹ́ kí òṣèré fi ẹ̀dá abàmì ṣe akọni tirẹ̀.

Ibi tí ìṣirò náà ti kọsẹ̀ ni pé iye dáìsì kì í ṣe ewu. Tarrasque, ẹ̀dá tí wọ́n bẹ̀rù jù nínú ìwé, ní dáìsì 48, ìwé kò sì fi òpin sí ìdàgbà rẹ̀. Síbẹ̀, ìwọ̀n ewu rẹ̀ kò ju 20 lọ. Dírágónì pupa ògbólógbòó ní 40 péré, àmọ́ 26 ni ewu tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé dírágónì ń fò, ó ń tu iná, ó sì mọ oògùn. Tarrasque kò lè fò rárá.

Ọdún 2002 ni òfin ẹ̀dà kẹta yìí kan ilẹ̀ wa. Chris Dolunt kọ Nyambe: African Adventures, Atlas Games sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ilẹ̀ Áfíríkà ló gbé ayé ìtàn rẹ̀ kà, ó sì mú òrìṣà wọ inú eré náà. Ohun tó mú kí ó ṣeé ṣe ni ìwé àṣẹ tí Wizards gbé jáde ní 2000, tó gba ẹlòmíràn láyè láti lo òfin wọn. Kò rọrùn láti fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wọn àwọn ẹ̀dá inú ìtàn tiwa. Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938 kò gun ipele kankan. Bó ṣe rí ló rí nígbà tí Àkàrà-Ògùn, ọdẹ inú ìtàn náà, pàdé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣeré ni yóò fúnra rẹ̀ pinnu iye dáìsì rẹ̀.

Ẹ̀dà kẹrin, ní 2008, dín ìṣirò kù: ipele kọ̀ọ̀kan kàn ń fi 1 kún ìkọlù àti ààbò. Pathfinder, tí Paizo gbé jáde ní 2009, mú òfin 2003 dání, ó sì ṣe ọ̀nà àbùjá kan tó ń fi 1 kún ìwọ̀n ewu lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀dà karùn-ún ti 2014 yọ ìlà ìdàgbà kúrò lábẹ́ orúkọ àwọn ẹ̀dá. Tábìlì ìwọ̀n ewu kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀: olùdarí á wo bí ẹ̀dá ṣe le láti pa, á wo bí ó ṣe ń pani lára tó, á ro ìwọ̀n méjèèjì pọ̀, á sì pín in sí méjì.

Eré orí tábìlì ti dé Àbújá náà: Kenechukwu Ogbuagu dá NIBCARD Games sílẹ̀ níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe eré káàdì àti eré orí pátákó. Òun náà ló ń ṣètò AB Con, àpéjọ àwọn eléré tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Ní oṣù Kìíní 2023, Wizards fẹ́ yí ìwé àṣẹ ti 2000 padà. Àwọn eléré kárí ayé fárí gá, ilé-iṣẹ́ náà padà sẹ́yìn, ó sì gbé ìpìlẹ̀ òfin ẹ̀dà karùn-ún sílẹ̀ fún gbogbo ayé lábẹ́ àṣẹ Creative Commons. Ẹni tó wà ní Kado lè lò ó, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì tà á láìsanwó fún Wizards, bí ó bá ti dárúkọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n tábìlì ìwọ̀n ewu kò sí nínú ohun tí wọ́n gbé sílẹ̀ náà. Ẹni tó bá ń wá òfin ìdàgbàsókè ní kíkún, inú òfin ọ̀fẹ́ ti 2003 ni yóò ti rí i.