Gbèsè Ta Ni?

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ sójú abẹ níkòó. Tí ìyá kan tó ń ta gààrí ní Ara, nítòsí Ẹdẹ, bá ní "gbèsè wà nílẹ̀ o," ta ló jẹ ta? Bóyá òun ló ra ọjà àwìn. Bóyá àwọn oníbàárà ló kó tirẹ̀ lọ. Bí a bá kọ "gbèsè" lásán sínú áàpù ìṣirò owó, owó tó ń bọ̀ àti owó tó ń lọ á dàrú mọ́ra wọn.

Kì í ṣe pé èdè wa ò mọ ìṣirò o. Láyé owó ẹyọ, ẹyọ 40 ni okùn kan. Okùn 50 di ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan. Àwọn baba wa sì mọ ojú owó yàtọ̀ sí èlé.

Àbí kí ló há ìwọ̀fà mọ́lẹ̀? Ẹni tó yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó. Èlé ni wọ́n ka iṣẹ́ yẹn sí. Ojú owó ò dín rárá. Ó lè sìn fún ọdún mẹ́wàá, kí iye tó yá ṣì pé pérépéré. Ká ní ojú owó ni wọ́n ń yọ iṣẹ́ náà kúrò lára rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ìwọ̀fà ì bá ti gba ara wọn sílẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá ń túmọ̀ áàpù sí Yorùbá, ká kọ "owó tí a jẹ" sọ́tọ̀, ká kọ "owó tí wọ́n jẹ wá" sọ́tọ̀. Orúkọ tí a bá fún owó ló ń sọ ẹni tó máa san án.